Èlé tí a Sọ di Ìbò: Premium Bonds ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1956 sí 2023

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1956, Harold Macmillan, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dìde níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ka ètò ìnáwó ọdún náà. Ọ̀wọ́n-gógó ọjà wà lára ohun tí ó ká ìjọba lára jù lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí láti bí ọdún 11 sẹ́yìn, iṣẹ́ wà, owó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń ná an ju bí ọjà tí ó wà nílẹ̀ ti pọ̀ tó lọ. Ìjọba fẹ́ kí wọ́n dẹwọ́ ìnáwó, kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Lára ọ̀nà tí Macmillan là sílẹ̀ ni irú ìwé ẹ̀yáwó tuntun kan. Ẹni tí ó bá rà á lè gba ojú owó rẹ̀ padà nígbàkígbà tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gba èlé. Gbogbo èlé tí ìjọba ìbá san fún gbogbo àwọn tí ó rà á ni a ó kó jọ sójú kan, tí a ó sì dìbò lé e lórí lóṣooṣù. Ẹni tí ìbò bá mú ni yóò kó o. Orúkọ tí wọ́n sọ ìwé náà ni Premium Bonds.

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń gba iwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bóyá tẹ́tẹ́ ni tàbí kì í ṣe tẹ́tẹ́. N ó dé orí rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ọdún 1956 jà lé lórí, ṣùgbọ́n n kò rò pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí mo fẹ́ tú wò ni ẹni tí a ní a dá ètò náà sílẹ̀ fún, àti ẹni tí ó ń jẹ èrè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 60. Èrò tèmi ni pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí a bá fi ètò náà sí ẹ̀gbẹ́ àjọ àti èsúsú, tí àwa onímọ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, ìyàtọ̀ náà yóò hàn kedere ju bí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ti lè rí i lọ.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ lọ́tìrì tẹ́lẹ̀. Ní 1694, ọdún kan náà tí wọ́n dá Bank of England sílẹ̀, owó ogun tí Ọba William Kẹta ń bá ilẹ̀ Faransé jà ti ń ṣú ìjọba lọ́rùn. Wọ́n ta ìwé lọ́tìrì 100,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní £10, kí ó lè pé mílíọ̀nù kan. Ohun tí ó mú èyí yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ lásán ni pé ìwé tí ìbò kò mú pàápàá yóò máa gba £1 lọ́dọọdún fún ọdún 16. Èyí tí ìbò mú yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. A lè pè é ní bàbá-ńlá Premium Bonds, ó sì ṣàánú ju ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn lọ́tìrì ìjọba tí ó tẹ̀lé e kò dára bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbàtà ń pín ìwé kan sí wẹ́wẹ́ láti tà á fún tálákà, jìbìtì pọ̀ nídìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin ọdún 1823 fi sọ pé kí ó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n dìbò ti ìkẹyìn ní 1826. Láti ìgbà náà títí di ìgbà Macmillan jẹ́ ọdún 130.

Láàrin ọdún wọ̀nyí, àwọn ènìyàn kò jáwọ́ nínú ìrètí àrìnnàkore. Púùlù bọ́ọ̀lù, tí ilé-iṣẹ́ Littlewoods bẹ̀rẹ̀ ní Liverpool ní 1923, ti wọ ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di 1956. Àwa náà mọ púùlù yìí. Àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó ṣì lè rántí bí wọ́n ti ń fetí sí rédíò lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú tí wọn kò dé rí ṣe gbá ọ̀mì. Owó tí ń lọ sídìí púùlù kì í padà. Ohun tí ìjọba ń wá ni ọ̀nà tí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ yóò gbà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí owó náà kò sì ní ṣègbé.

Àríyànjiyàn kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Harold Wilson, tí ń gbẹnu sọ fún ẹgbẹ́ Labour lórí ètò ìnáwó, pe ètò náà ní tẹ́tẹ́ ẹlẹ́gbin, ó sì fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí irú rẹ̀ ni agbára orílẹ̀-èdè wá dúró lé. Geoffrey Fisher, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, náà bẹnu àtẹ́ lù ú. Ìdáhùn Macmillan kò ju pé ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ lè pàdánù ohun tí ó ta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra bọ́ǹdì yìí kò lè pàdánù ojú owó rẹ̀.

Èdè wa jẹ́ kí a rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pín sí méjì. A ní ojú owó, a sì ní èlé. Ojú owó kò sí nínú tẹ́tẹ́ yìí. Èlé ni a fi ta á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbà pé èlé jẹ́ ti olówó láti ọjọ́ tí ó ti kó owó sílẹ̀ yóò sọ pé olówó náà ti ta tẹ́tẹ́, ó ti fi ohun tí í ṣe tirẹ̀ wewu. Ẹni tí ó bá gbà pé èlé tí a kò tíì san kì í ṣe ti ẹnì kan yóò sọ pé ẹ̀bùn ni ìjọba ń pín. Ìhà méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò tilẹ̀ nílò láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì: bí ó bá jẹ́ èlé, kò tọ́, bí ó bá jẹ́ tẹ́tẹ́, kò tọ́. Ní tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ Macmillan ti mẹ́hẹ ni ti ojú owó gan-an. Láàrin 1956 sí 1976, iye tí a ń ta ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó kó £1 sílẹ̀ tí ìbò kò mú rí, tí ó sì gba £1 padà lẹ́yìn 20 ọdún, a kò lè sọ pé kò pàdánù nǹkan kan. Ìwé kan náà ni wọ́n dá padà fún un, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà lè rà ti dín kù sí ìdá mẹ́ta tàbí kí ó kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú àlàyé Macmillan tí ó yẹ kí a dúró lé pẹ́. Ó ní ètò náà wà fún àwọn tí èlé kò fà mọ́ra, ṣùgbọ́n tí ìrètí oríire lè fà mọ́ra. Àwọn ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a bi í wò ná. Ẹni tí ó ní £25 ní 1956, èyí tí ó ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ fún òṣìṣẹ́ alágbára púpọ̀, yóò gba £1 ní òpin ọdún bí èlé bá jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni yóò fi £1 náà ṣe? Kò tó láti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò tó láti san owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé, kò tó láti fi dá òwò sílẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, èlé kékeré kò sì lè sọ ọ́ di olówó ńlá láyé rẹ̀.

Bí àwọn ọlọ́jà wa ti ń rò ó nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Alájọ ń yí ọjà ká lójoojúmọ́, ó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó ń fàlà sí káàdì. Nígbà tí oṣù bá pé, yóò kó owó náà fún oníbàárà, yóò sì yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó dá àjọ fún 30 ọjọ́ gba owó ọjọ́ 29. Kò sí èlé níbẹ̀ rárá. Olówó ni ó ń sanwó fún ìpamọ́. Ẹni tí ó bá fi ojú báńkì wò ó yóò ní òmùgọ̀ ni ìyálọ́jà náà, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà mọ ohun tí ó ń rà: owó rẹ̀ kúrò ní àrọ́wọ́tó òun àti ti ẹbí, ó sì padà wá ní odindi.

Èsúsú gbà á gba ọ̀nà mìíràn. Samuel Johnson kò fò ó dá nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ẹni mẹ́wàá ń kó iye kan náà jọ, ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, títí yóò fi kárí. Ní ẹgbẹ́ púpọ̀, ìbò ni a fi ń mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó. Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ojú sí nìyí. Ìbò wà nínú èsúsú, ìbò wà nínú Premium Bonds, ṣùgbọ́n ìgbà ni ìbò èsúsú ń pín, kì í ṣe èrè. Ẹni tí ìbò mú ṣáájú rí owó yá láìsan èlé. Ẹni tí ó kẹ́yìn fi owó pamọ́ láìgba èlé. Kò sí ẹni tí kò ní kó. Mo mọ̀ pé irú àwọn àpilẹ̀kọ báyìí sábà máa ń yin èsúsú kọjá bí ó ti yẹ, nítorí náà kí n sọ ọ́ pé ewu tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú bọ́ǹdì ìjọba: ẹni tí ó kọ́kọ́ kó lè sá lọ, kò sì sí ìjọba tí yóò san án.

Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni èsúsú àti Premium Bonds ti pàdé. Èsúsú ti bá àwọn ẹrú ọmọ Yorùbá kọjá òkun. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní. Àwọn ará Caribbean tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn 1948 mú un dání, àwọn ará Jàmáíkà sì mú tiwọn tí wọ́n ń pè ní pardner. Nígbà tí àwọn báńkì kò fẹ́ yá wọn lówó ilé, irú owó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé tí wọ́n rà. Nítorí náà, ní ọdún tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé Macmillan, àwọn ènìyàn kan wà ní London tí wọ́n ń rí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà láìgbọ́kàn lé ìbò ìjọba.

Títà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1956. £1 ni bọ́ǹdì kan, £500 sì ni iye tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ kọjá. Láti mú nọ́ńbà tí yóò jẹ, wọ́n nílò ẹ̀rọ, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò lè ka ìwé mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Ibùdó ìwádìí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dollis Hill ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, níbi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ Colossus nígbà ogun láti tú àṣírí àwọn ará Jámánì. Sidney Broadhurst àti Harry Fensom, tí wọ́n wà nídìí Colossus, wà nídìí èyí náà. Ẹnu wọn sì wà ní dídì lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí pé àṣírí ìjọba ni ó ṣì jẹ́. ERNIE ni orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ tuntun náà. Iná mọ̀nàmọ́ná ń gba inú àwọn túùbù gíláàsì tí afẹ́fẹ́ neon wà nínú wọn kọjá. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò ní ètò tí ẹnikẹ́ni lè sọ tẹ́lẹ̀, òun ni ẹ̀rọ sì ń sọ di nọ́ńbà, bí 2,000 láàrin wákàtí kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1957, Ernest Marples, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìfìwéránṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ní Lytham St Annes. Ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ lọ́jọ́ náà jẹ́ £1,000.

Ọ̀gá onímọ̀ ìṣirò ìjọba ni ó ń yẹ nọ́ńbà wò lóṣooṣù láti rí i pé ojúsàájú kò sí. Ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú babaláwo mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Oníbéèrè ni ó ń di ìbò mọ́ ọwọ́, ẹyọ owó ní ọwọ́ kan, eegun ní ọwọ́ kejì, tí babaláwo kò sì mọ èyí tí ó wà ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Àìmọ̀ ẹni tí ń dáfá ni ó fi ẹsẹ̀ òótọ́ múlẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ERNIE jọ èyí. ERNIE karùn-ún ni wọ́n ń lò láti 2019. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò dípò túùbù neon, iṣẹ́ tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ń fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣe, ìṣẹ́jú 12 ni ó fi ń parí rẹ̀.

Ojúsàájú kò sí láàrin bọ́ǹdì àti bọ́ǹdì, mo gbà bẹ́ẹ̀. Láàrin ènìyàn àti ènìyàn ńkọ́? Ìṣirò tí ó tẹ̀lé yìí, èmi ni mo ṣe é láti inú iye tí ìjọba kéde.

Ní 1957, nínú bọ́ǹdì 9,600, ọ̀kan ni ìbò ń mú lóṣù. Ẹni tí ó ní gbogbo £500 tí òfin gbà láàyè, yóò tó oṣù 19 ó lé díẹ̀ ní ìpíndọ́gba kí ó tó jẹ ẹ̀bùn kan. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún irú olówó bẹ́ẹ̀ jọ, ó lé ní 50 nínú wọn tí kò ní jẹ ohunkóhun láàrin ọdún kan. Nítorí náà, ìrètí lásán ni gbogbo wọn jọ ń jẹ nígbà náà, àti ẹni tí ó ní púpọ̀, àti ẹni tí ó ní díẹ̀. Ohun tí Macmillan ṣèlérí gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni òkè ilé bẹ̀rẹ̀ sí ga. Nígbà tí ó di 2003, £30,000 ni òfin gbà láàyè. Ní 2014 ó di £40,000, ní 2015 ó di £50,000. Owó ọjà ti gbówó lórí láti 1956, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́n ní ìlọ́po 100. £500 kò tó owó iṣẹ́ ọdún kan fún òṣìṣẹ́ lásìkò tirẹ̀. £50,000 ju owó iṣẹ́ ọdún kan lọ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lásìkò tiwa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí owó ẹ̀bùn jẹ́ ìdá 4.65 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan nínú 21,000 ni ìbò ń mú lóṣù. Ẹni tí ó ní £50,000 yóò jẹ ju ẹ̀bùn méjì lọ lóṣooṣù ní ìpíndọ́gba, bí 28 láàrin ọdún. Kò sí ìrètí mọ́ nínú ti onítọ̀hún. Ohun tí ó ní jọ àkáǹtì tí ń san èlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tí àǹfààní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sì jókòó lé e lórí. Òfin kò sì gba owó orí lórí ẹ̀bùn náà, àǹfààní tí kò kan ẹni tí èlé rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òfin owó orí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó ní £1,000 ńkọ́? Nínú 100 irú rẹ̀, bí 56 ni kò ní rí nǹkan kan láàrin ọdún. Nínú 100 ẹni tí ó ní £100, bí 94 ni yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ìdá 4.65 tí a kéde jẹ́ òótọ́ fún àpapọ̀ owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ fún olówó ńlá, ṣùgbọ́n fún olówó kékeré, nọ́ńbà orí bébà ni. Èlé tirẹ̀ wọnú àpò lóṣooṣù, ó sì wà lára ohun tí a fi ń san ẹ̀bùn ẹni tí ó ní £50,000 déédéé. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, tí owó ẹ̀bùn já wálẹ̀ sí ìdá kan, ọ̀kan nínú 34,500 ni ìbò ń mú. Ti olówó kékeré wá burú sí i, ẹni tí ó ní púpọ̀ sì ṣì ń jẹ ẹ̀bùn ní ọ̀pọ̀ oṣù.

N kò rò pé ẹnì kan jókòó láti pète èyí. Ìjọba ń wá owó yá, ẹni tí ó ní £50,000 sì rọrùn láti yá lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní £25 lọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé òkè náà ga, ìdí tí ó bójú mu wà. Lónìí, ó lé ní ogún mílíọ̀nù ènìyàn tí ó ní bọ́ǹdì yìí, owó tí ó wà níbẹ̀ sì ju £100 bílíọ̀nù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ni ó ní ìwọ̀nba bọ́ǹdì díẹ̀ tí ìyá àgbà rà fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

£25 ni iye tí ó kéré jù tí ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ láti 2019. Bí a bá pín 21,000 sí ọ̀nà 25, oṣù 840 ni yóò kù. Ọmọ tí wọ́n ra ìwọ̀n yìí fún ní oṣù kẹsàn-án 2023, bí iye yìí kò bá yí padà, yóò pé ẹni 70 ọdún ní ìpíndọ́gba kí ERNIE tó mú nọ́ńbà rẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé 67 ọdún nígbà náà, ẹ̀bùn náà sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ £25.